Àwòrán Aboyún Tí Mo Gé Wẹ́wẹ́

Ẹ bá mi kí Jésù kú iṣẹ́! Ẹ tún un kí, torí àyà mi ṣì ń já bí mo ṣe dúró síbí yìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó tọ́jú ilé mi nígbà tí èmi fúnra mi ń fọwọ́ ara mi tú u ká. Èmi ni Màmá Fúnmi, ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ mí. Látìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo ti ń gbé Festac yìí, ibẹ̀ náà ni mo fẹ̀yìn tì sí. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá ń sáré. Bí mo bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, n kò ní lè sọ ọ́ mọ́.

Irorẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Fúnmi ọmọ mi ṣègbéyàwó lọ́dún tó kọjá nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ẹ jẹ ráìsì wa, ẹlòmíràn tiẹ̀ gbé lọ sílé. Kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ ni irorẹ́ bo ojú rẹ̀, àwọn ńlá ńlá tó ń ṣọyún, títí dé ẹ̀yìn. Ọmọ tó rẹwà! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbòmú wá sí ìsìn. Ó lọ rí dókítà awọ ara. Dókítà ní oògùn kan wà tó lágbára gan-an, àmọ́ òun kò ní kọ ọ́ fún un àfi tó bá kọ́kọ́ ṣe tẹ́sìtì ẹ̀jẹ̀ àti tẹ́sìtì oyún, tó sì gbà láti ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní gbogbo àsìkò tó bá ń lò ó. Oṣooṣù ló sì gbọ́dọ̀ máa padà wá.

Mo ní kí ni? Ìfètò-sọ́mọ-bíbí kẹ̀? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ, tí mò ń gbààwẹ̀ lé lórí pé kó gbóyún! Mo ní kó má padà síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ojú tó ń fi ìbòmú bò yẹn ń dùn mí, ẹ̀yin ará. Orúkọ oògùn náà wà lára ìwé tí dókítà fún un. Mo dà á kọ láìsọ fún un. Ní ọjà Trade Fair, mo rí obìnrin kan tó ń ta ìpara àti oògùn ojú. Kò bi mí léèrè ìwé dókítà, èmi náà kò sì sọ pé n kò ní.

Nígbà tí mo délé tí mo wo páálí ẹ̀, èwo tún nìyí? Wọ́n ya aboyún sí i, wọ́n wá fa ìlà pupa kọjá lára ẹ̀. Mo fa káàdì tí wọ́n to kápúsù sí jáde nínú ẹ̀, aboyún yẹn náà ló tún wà lẹ́yìn kápúsù kọ̀ọ̀kan. Mo pariwo ẹ̀jẹ̀ Jésù! Mo ní ọ̀tá fẹ́ fi àmì sí inú ọmọ mi. N kò ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀, èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ka fáìlì ìjọba. Mo yọ àwọn kápúsù sílẹ̀, mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé àwòrán náà wẹ́wẹ́, mo da òróró àdúrà lé e, mo dáná sun ún. Mo wá kó gbogbo kápúsù náà sínú ike fítámínì mi tó ti tán, mo gbé e fún Fúnmi. Mo ní fítámínì awọ ara ni. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì." Kò béèrè nǹkan kan. Ta ló ń yẹ ọwọ́ ìyá rẹ̀ wò?

Irorẹ́ ń gbẹ lóòótọ́. Ètè rẹ̀ náà ń gbẹ, ó ń là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, mo ní kó máa fi òrí pa á. Nígbà tó di oṣù kejì, ó pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní nǹkan oṣù òun ti fi ọjọ́ mẹ́jọ pẹ́. Ẹ̀yin èèyàn! Mo jó ní pálọ̀, mo yí gbiri nílẹ̀. Ayọ̀ yẹn ló gbé mi dé fámásì kan ní Mazamaza pé kí n tún ra kápúsù sí i, kí ojú ọmọ mi lè máa dán nínú oyún. Mo mú ẹyọ kan dání nínú ọ̀rá.

Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kéré sí Fúnmi. Ó wo kápúsù, ó wò mí.

"Mà, ta ló ń lo èyí?"

Mo ní ọmọ mi obìnrin ni, ó ti lọ́kọ, ó tiẹ̀ ti lóyún! Ojú ọmọ náà yí padà. Kò tà á fún mi. Ó mú páálí kan, ó gbé e síwájú mi. Aboyún mi nìyẹn, pẹ̀lú ìlà pupa. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé oògùn yẹn lè ba ọmọ inú jẹ́, orí ẹ̀, etí ẹ̀, ọkàn ẹ̀, tàbí kí oyún náà wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í tà á láìsí ìwé dókítà. Ó ní, "Mà, ìkìlọ̀ ni wọ́n yà síbẹ̀, kì í ṣe èpè."

N kò mọ bí mo ṣe kúrò níbẹ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo ní kó dúró, mo sọ̀kalẹ̀, mo tún wọ òmíràn. Mo délé, mo gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá. Mo fọ ìkòkò kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fẹ́ gbàdúrà, ẹnu mi kọ̀. Kí ni kí n sọ? Ọdún kan gbáko ni mo fi ń ké "Olúwa, fún wa lọ́mọ" níwájú pẹpẹ yìí. Ṣé n ó wá yí ẹnu padà pé kó má sí oyún? Mo tiẹ̀ rò ó pé kí n yọ́ ike yẹn mú kí n sì dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo rò ó! Ẹ̀mí Ọlọ́run ni kò jẹ́.

Mo lọ bá wọn nílé wọn ní Ijegun-Egba. Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí, níwájú Táyọ̀ ọkọ rẹ̀, mo jẹ́wọ́. Fúnmi kò pariwo. Ó kàn lọ mú ike náà wá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ parọ́ fún mi." Táyọ̀ ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Ní ọsibítù, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn kò fi àyè sílẹ̀ fún mi. Mò ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé títí nọ́ọ̀sì fi bẹ̀ mí pé kí n dúró lójú kan. Ibẹ̀ ni mo ti wá rí àdúrà gbà. Mo ní, "Bàbá, gbogbo ohun tí mo ti ń béèrè láti ọdún kan yìí, jọ̀ọ́, má dá mi lóhùn." Ó korò lẹ́nu mi.

Dókítà jáde. Kò sí oyún! Ẹ yin Olúwa! Ọjọ́ kejì ni nǹkan oṣù rẹ̀ dé. Wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ ẹ̀ wò bóyá oògùn náà ti bà á jẹ́, kò ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n ní kó dá oògùn náà dúró, kí òun àti ọkọ ẹ̀ sì ṣọ́ra kí oyún má dúró fún oṣù kan gbáko. Oṣù náà pé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Irorẹ́ díẹ̀ ti yọ padà, wọ́n sì ti jọ padà sọ́dọ̀ dókítà awọ ara, àwọn méjèèjì ni yóò pinnu ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Èmi kò sí níbẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí mò ń lé ẹ̀mí ìdádúró kiri, Ọlọ́run ló ń dá oyún náà dúró. Ẹ bá mi dúpẹ́ àdúrà tí kò gbà. Fúnmi kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó dùn mí, àmọ́ ẹjọ́ mi ni. Òun ló jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn, kò lo ìbòmú. Ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ máa ń wo ikùn ẹ̀ lẹ́nu géètì, tí ẹ ń bi í pé ṣé kò tíì sí nǹkan, mo bẹ̀ yín, ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó wá bi mí, èmi ni mo mú àlùmọ́gàjí. Ẹ dìde ká jó fún Ọlọ́run. Halelúyà!