Ọ̀rá Tó Yà sí Títì Kejì

Ẹ má ṣàdédé fún ọmọ tó ní ikọ́ fée ní ibuprofẹn, oògùn ara ríro. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù apòògùn kan ní àdúgbò Uwasota ló mú mi kọ èyí, nítorí ọmọ tèmi náà ní ikọ́ fée. Ìyá àgbà kan mú ibuprofẹn dání, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn sì dúró tì í.

"Mama, abeg drop am!"

"Sọ Yorùbá, jàre. Ṣebí òun ló ń jẹ́ kí wíwú orúnkún mi rọlẹ̀. Àyà àbúrò rẹ tó ń súfèé láti àárọ̀ náà, ṣebí ó wú nínú ni?"

"Ẹ gbọ́ ná, Mama! Ọ̀rá wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì máa ń gé díẹ̀ níbẹ̀ fi ṣe oríṣi nǹkan méjì. Ọ̀kan ń mú ara wú, kó sì máa ro. Ìkejì ń fún ọ̀nà èémí pọ̀. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni oògùn yìí ń dí."

"Ọ̀rá tó kù ńkọ́?"

"Ìbéèrè yẹn gan-an! Tí àgbàrá bá dí títì iwájú yìí, ibo làwọn mọ́tò ń gbà?"

"Títì kejì."

"Ẹ̀hẹ́n! Ọ̀rá tó kù náà á yà sí ìkejì, ọ̀nà èémí á sì fún pọ̀ sí i. Kì í ṣe gbogbo oníkọ́ fée ni oògùn yìí ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, àmọ́ ẹni tó bá ṣe é, kò ní lè mí dáadáa mọ́."

Ìyá náà ju oògùn náà sórí káńtà bí ẹni tó gbá iná mú. "Títì kejì! Èmi tí mo fẹ́ wò ó sàn!"

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ra oògùn ara ríro, ẹ kọ́kọ́ sọ fún apòògùn pé ọmọ yín ní ikọ́ fée.