Ó Ṣì Ku Ọdún Méjì

"Káfíńtà, ìwé wáráńtì lápútọ́ọ̀pù yẹn wà nínú báàgì mi dúdú. Má sọ ọ́ nù o. Ó ṣì ku ọdún méjì."

Ohun tí ìyàwó mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn, màdáámù. Kò sọ pé ó dìgbóṣe. Kò sọ pé kí n tọ́jú ọmọ. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà, wáráńtì ló ń sọ, èmi náà sì dáhùn pé mo ti gbọ́, mo jáde lọ ra omi fún un. Kí n tó pa dà dé, ó ti lọ. Ìwé náà nìyí, ẹ wò ó. Ṣé mo sọ ọ́ nù? Òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yín kọ́ nìyí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fèsì. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi.

Ẹ̀yin lẹ tà á fún wa, lórí káńtà yìí náà. Ẹ gbé méjì síwájú wa. Ọ̀kan tín-ín-rín bíi pákó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, ó ń dán, wáráńtì ọdún kan péré. Èkejì nípọn, kò wu ojú, ọdún mẹ́ta. Èyí tó ń dán ló wù mí. Ẹ̀yin náà lẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ pé, "Bàbá, ẹni tí kò bá fọkàn tán ọjà rẹ̀, kò ní ṣèlérí ọdún mẹ́ta lé e lórí." Ìyàwó mi bá kọjú sí mi: "O ò gbọ́? Ìwọ tí o ń kan ilẹ̀kùn fáwọn èèyàn, ìgbà wo lo ṣèlérí ọ̀sẹ̀ kan rí?" Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. A gbé èyí tó nípọn lọ sílé, ọkàn wa tutù bí omi àmù.

Ẹ ò mọ ohun tí ọdún mẹ́ta yẹn ṣe nínú ilé wa. Ẹ̀rọ náà ni ìyàwó mi fi ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé wọn, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ibi iṣẹ́ mi. Ohun gbogbo ló wá ń fi wáráńtì wọ̀n: "Kó tó parí, o máa ti kan kọ́bọ́ọ̀dù mi. Kó tó parí, a máa ti kun ilé yìí." Èmi náà gbà. Mo ṣe bí ẹni pé gbogbo wa ni wọ́n kọ sínú ìwé yẹn. Háà! Ẹ̀rọ ni wọ́n kọ, màdáámù. Ẹ̀rọ nìkan ni.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá mi jà, mo sì máa ń gbàgbé oògùn. Ni ìyàwó mi bá gba ohùn ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, ó ṣètò rẹ̀ kó máa pè mí lójoojúmọ́ ní aago méjì ọ̀sán. "Káfíńtà, aago méjì ti lù. Gbé òòlù sílẹ̀, lo oògùn rẹ." Lẹ́yìn náà lẹ máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ díẹ̀, torí mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mò ń yínmú sí i.

A sin ín lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Sátidé, aago méjì, ó pè mí.

Ọlọ́run ló mọ̀ pé àtàǹpàkò ara mi ni mo fi òòlù lù. Oṣù mẹ́rin ló fi pè mí, kò yẹ ọjọ́ kan. Òkú ń pè mí lójú fèrèsé, mò ń dáhùn, mò ń lo oògùn. Mò ń ṣáàjì ẹ̀rọ náà láràárọ̀ bí ẹni ń bọ́ ọmọ. Tí aago kan bá ti kọjá, mi ò lè rẹ́ igi mọ́, mo kàn máa dúró. Ẹ̀rù ohùn yẹn ń bà mí, ẹ̀rù pé kò ní wá tún ń bà mí.

Ọmọ wa obìnrin wá kí mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gba ohùn Màámi sórí fóònù mi." Ẹ mọ èsì tí mo fún un? Mo ní, "Kí ló ń lé ọ? Ó ṣì ku ọdún méjì." Mo tiẹ̀ fi ìwé hàn án! Ká ní ọdún kan lẹ fún wa ni, ẹ̀rù ì bá ti bà mí, ǹ bá ti jẹ́ kó gbà á. Ọdún mẹ́ta yín ló rẹ̀ mí sùn.

Lọ́jọ́ Ajé, aago méjì lù, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo wọlé, ojú ẹ̀rọ ṣú dùdù. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, kò jí. Ẹ gbọ́ o, màdáámù: obìnrin kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì ló kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Kí lẹ wí? Tuntun? Wọ́n máa gba èyí, wọ́n máa pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, wọ́n á wá fún mi ní tuntun tó dáa jù ú lọ? Ẹ tún un sọ! Ẹ ò kúkú purọ́ fún wa, ìlérí yín pé, ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ṣé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lẹ ń fún ní ìyàwó tuntun létí sàréè?

Mi ò fẹ́. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀rọ yìí, tí ẹ ní bí ẹnikẹ́ni bá ya á, wáráńtì ti tán, ẹ fún mi lọ́bẹ, èmi ni mo máa ya á. Ẹ gba ìyókù ọdún yín. Ẹ pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní yàrá ẹ̀yìn yẹn, kó ṣí i níṣojú mi, kó bá mi wá ohùn yẹn jáde. Ó lè má sí níbẹ̀ mọ́? Mo gbọ́. Kó ṣáà wò ó.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì fọwọ́ síwèé pàṣípààrọ̀ yín. Mi ò tíì kó aṣọ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò tíì kan kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Mi ò tíì sọ fún ọmọ wa pé ẹ̀rọ ti kú. Mi ò tíì ṣí omi tí mo rà lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tíì lo oògùn láti ọjọ́ Ajé.