Àgbá Pupa Tí Mo Gbé Kúrò Láyè Rẹ̀

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kẹ́ ẹ jókòó. Akọ̀wé ẹgbẹ́ apẹja, mo rí i pé ò ń wo aago ọwọ́ rẹ. Fi í sílẹ̀ ná. Dókítà bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ níta láàárọ̀, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́. Irọ́ mi ti rìn fún ọdún mọ́kànlá. Kí òtítọ́ bá a lónìí, kó má baà bá mi wọlẹ̀. Ìdákọ̀ró, ìwọ tó o jókòó nídìí fèrèsé, ìwọ gan-an lọ̀rọ̀ kàn.

Gbogbo yín mọ̀ pé èmi ni mo ṣọ́ Ilé Ìgbẹ̀bí, orúkọ yẹ̀yẹ́ tí ẹ̀yin apẹja fún apá òkun tí ìjọba tì pa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju àwọ̀n síbẹ̀, kí ẹja lè ráyè yé ẹyin, kó sì dàgbà. Níta rẹ̀, ẹ pẹja bó ṣe wù yín. Àgbá pupa mẹ́fà tó ń léfòó ló pààlà, ọwọ́ mi ni wọ́n sì wà. Èmi ni mò ń yọ wọ́n, tí mò ń ha ìkarawun ara wọn, tí mò ń dá wọn padà. Bí mo bá ní ibí ni ààlà, ibẹ̀ náà ni.

Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ni Ìdákọ̀ró. A ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé bó bá ti jókòó síbì kan lójú omi, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó kúrò. Nígbà tó pé ọdún méje tí wọ́n ti ibẹ̀ pa, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn yòókù á gbé agbọ̀n ààbọ̀ dé, tiẹ̀ á kún dẹ́nu. Àwọn oníbàárà á ní, "Ìdákọ̀ró, ṣé ìwọ nìkan lẹja ń jẹ́ ìpè rẹ̀ ni?" Á kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ gún mi lọ́kàn. Ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́, kí ló ń rẹ́rìn-ín sí?

Mo fi awò tí a fi ń wo ọ̀ọ́kán ṣọ́ ọ láti òkè ọ́fíìsì. Ẹ̀gbẹ́ àgbá kẹrin ló máa ń wà, níta, kì í wọlé. Dípò kí ọkàn mi balẹ̀, mo ní ó mọ̀ pé mò ń wo òun ni. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Tèmi ti di májèlé. Àwọn kan nínú yín sì ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni, ó ń mójú kúrò fún un ni." Bí ìyẹn bá dé etí ọ̀gá wa, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn. Mo wá ní bí kò bá wọ Ilé Ìgbẹ̀bí lójú mi, èmi ni màá mú un wọ̀ ọ́.

Ọ̀sán gangan ni mo ṣe é. Èmi àti awakọ̀ mi yọ àgbá kẹrin bí ẹni tó fẹ́ ha á, mo sì ní ká sọ ọ́ sómi nínú Ilé Ìgbẹ̀bí, ní nǹkan bí igba mítà sí àyè rẹ̀. Awakọ̀ ní, "Ọ̀gá, ibí kọ́ la ti yọ ọ́." Mo ní, "Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ ni?" Ó dákẹ́. Kò pẹ́ tí mo fi ní kí wọ́n gbé awakọ̀ náà lọ ṣiṣẹ́ ní ibùdó mìíràn, torí ìdákẹ́ rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì, Ìdákọ̀ró jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Mo pe àwọn ọlọ́pàá òkun. Ẹ̀rọ tó ń sọ ibi téèyàn wà nìkan ni wọ́n ń wò, ẹ̀rọ sì ní inú Ilé Ìgbẹ̀bí ló wà. Wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n gba ìwé àṣẹ tó fi ń pẹja. Kí wọ́n tó wọ́ ọ dé etíkun, mo ti dá àgbá padà.

Níwájú ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, Ìdákọ̀ró ní, "Ẹ̀gbẹ́ àgbá ni mo wà. Lóòótọ́, nígbà tí mo wo etíkun láti fi mọ ibi tí mo wà, táǹkì omi orí òkè kò tò sẹ́yìn òrùlé ilé yìnyín bó ṣe máa ń tò, ara sì fu mí. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi ló ń mójú tó àgbá, kò ṣì í gbé rí. Àgbá ni mo gbà gbọ́." Wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lọ wo ibẹ̀. Àgbá wà láyè rẹ̀. Nígbà tí a padà, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, mi ò ní bínú. Ṣé o gbé e?" Ibí lọ̀rọ̀ wà. Gbígbé àgbá kò burú tó èyí. Mo wo ojú rẹ̀ kòrókòró, mo fi ọmọ mi búra pé mi ò gbé e, mo ní, "Ọjọ́ orí ni. Lọ fi ojú rẹ han dókítà."

Lẹ́yìn ọdún méjì, obìnrin onímọ̀ kan tó ń so àmì mọ́ ẹja láti mọ ibi tí wọ́n ń rìn dé wá jábọ̀ fún wa lọ́fíìsì. Ó ní ẹja Ilé Ìgbẹ̀bí ti kún débi pé wọ́n ń ya jáde, àgàgà nídìí àgbá kẹrin. Ẹni tó bá ní sùúrù láti jókòó sẹ́nu ààlà, agbọ̀n rẹ̀ á kún láìjí ẹyọ kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Ohun tí a ti ń ṣèlérí fún ẹ̀yin apẹja láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà wá gbọ́, òun náà ni mo fìyà jẹ. Mo sì tún dákẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Ìdákọ̀ró, o kò tukọ̀ mọ́. Àwọ̀n ẹlòmíì lò ń tún ṣe, o kọ ẹ̀yìn sí òkun. Dókítà ní kò sóhun tó ṣe ojú rẹ, síbẹ̀ o lọ ra awò ojú. Ìyàwó rẹ ní tó o bá fẹ́ sọdá títì, ò ń bi ọmọ rẹ bóyá mọ́tò ń bọ̀. Ojoojúmọ́ lo sì ń wá wò mí níbí. Ìyẹn náà ń fu mí lára. Mo ní bóyá o ti mọ̀, ò ń dúró kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Ó dáa, mo ti sọ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí, bí kò tiẹ̀ jẹ́ lónìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ gba iṣẹ́ mi, bí ẹ bá rí ẹni tó ń rí ẹja ju àwọn yòókù lọ, ẹ kọ́kọ́ bi í bó ṣe ń ṣe é. Èmi ò bi í rí. Akọ̀wé, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, gbé ìwé wá kí n tẹ̀ka sí i, kí ìgbìmọ̀ lè dá ìwé àṣẹ rẹ̀ padà. Ìdákọ̀ró, yọ awò yẹn. Wo ìta láti ojú fèrèsé, kó o sọ ohun tó o rí fún mi: táǹkì, òrùlé, àgbá. Bó o bá ṣe rí i, bẹ́ẹ̀ náà ló wà.