Ìsìnkú Màmá Gannon Tí Mi Ò Jẹ́ Kí Heverin Gbọ́

Ẹ̀yin ará Kilcorran, Fadá ni yóò ka ìwé yìí fún yín lọ́jọ́ Sunday, torí dókítà ní oṣù yìí lè má parí lójú mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan mì, mi ò sì fẹ́ gbé e wọlẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ máa wo ara yín lójú. Ọ̀rọ̀ èmi Malachy Tuohy ni, àti ti Cormac Heverin tí ẹ kì í kí mọ́.

Nígbà tó jẹ́ aṣòfin wa, èmi ni mò ń bá a ṣètò ìbò. Láràárọ̀ ni mò ń wo inú ìwé ìròyìn fún orúkọ àwọn tó kú, kí Heverin lè dé ibi ìsìnkú wọn. Ẹ mọ ara yín: ẹ lè dárí ji aṣòfin tí kò ṣe títì, ṣùgbọ́n èyí tí kò bá yín sin òkú, ó ti tán fún un. Nígbà tí wọ́n tún fi í ṣe aṣojú Ireland níbi àpérò àwọn orílẹ̀-èdè ní Geneva, èmi ni mò ń tẹ wáyà sí i pé kó wálé wá sìnkú.

Ṣùgbọ́n mò ń fura sí i. Nígbà ogun tí a fi gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn sójà wọn mú Colman àbúrò mi níbi tó sá pamọ́ sí, wọ́n yìnbọn pa á, wọn ò sì fi òkú rẹ̀ hàn wá. Mo gbà pé ẹnì kan ló ta á. Ta ni? Lọ́jọ́ kan, mo rí lẹ́tà tó ti London, ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wá lórí tábìlì Heverin. Kíá ló tì í bọ àpò.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ìjọba ni, Malachy. Gbàgbé ẹ̀."

Lẹ́tà London kò dáwọ́ dúró. Tó bá rẹ́rìn-ín, mo fura. Tó bá dákẹ́, mo fura jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi òmùgọ̀ yìí kò bi í léèrè mọ́.

Àìsàn wá dá Màmá Gannon wólẹ̀, ìyá tó fi Heverin pamọ́ sábẹ́ koríko màlúù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà ogun. Nuala ọmọ rẹ̀ sáré wá bá mi.

"Bọ̀ọ̀dá Malachy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ wáyà sí i. 'Cormac dà?' ni Màmá ń sọ ṣáá."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́, Nuala. Máa lọlé."

Irọ́ ni. Mi ò tẹ nǹkan kan. Ìyá yẹn kú, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Níbi ìsìnkú, ẹ bi mí pé Heverin dà. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu burúkú yìí sọ: "Ó gbọ́. Ó ní òun ń bá àwọn èèyàn ńlá jẹun, òun ò ráyè."

Packy Lavelle láàárín yín tutọ́ sílẹ̀. "Ẹni tí ìyá yìí gbà là! Tó bá lè ṣe báyìí, òun náà ló ta Colman!"

Inú mi dùn pé ẹnu ẹlòmíì ló ti jáde. Nígbà tí Heverin dé, tó búra pé òun ò rí wáyà kankan, èmi lẹ gbà gbọ́. Ẹ fi ìbò lé e lọ, wọ́n sì gba iṣẹ́ Geneva lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún kejì ló wọ ilé mi, omi lójú rẹ̀. "Malachy, mo ti rí Colman."

Ọdún márùn-ún ló fi ń kọ̀wé sí London, tó ń bẹ ọ̀gá sójà kan kó júwe ibi tí wọ́n sin ín sí.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mi ò fẹ́ kó o máa retí lásán. Ọ̀gá sójà náà ní kò sẹ́ni tó ta á o. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí yìnyín ni wọ́n tọ̀."

A sin Colman sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa. Gbogbo yín wá. Heverin nìkan dúró lẹ́bàá ògiri nínú òjò, ẹ ò bá a sọ̀rọ̀. Mo rí i. Ojú tì mí, ẹ̀rù bà mí, mo pa ẹnu mi dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹ bá fura sí ènìyàn, ẹ bi í, kẹ́ ẹ dúró gbọ́ èsì. Nuala, foríjì mí. Ẹ̀yin tó kù, ẹ lọ bẹ Cormac, torí irọ́ mi lẹ fi dá a lẹ́bi.

Láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀, òun ló ń wá lójoojúmọ́, kò sì bi mí nípa wáyà yẹn rí. Ó wà nísàlẹ̀ báyìí, ó ń fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́: "Tíì rẹ yìí le o, ṣíbí lè dá dúró nínú ẹ̀!" Kò ní jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo kọ yìí. Mo ti ní kó gòkè wá kí n kà á fún un. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó rọra ń gùn ún kí tíì mi má bàa dà.