Ibi Tí Bàbá Mi Yóò Ti Jí

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́. Ọlọ́run mọ̀ pé irọ́ ni mo ń pa fún yín níbí lọ́jọ́ Àjíǹde tó kọjá, kò sì dójú tì mí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ yín ní Bíbélì, n ò gbà gbọ́ mọ́ nígbà náà pé òkú ń jí.

Ẹ rántí ìgbà tí bàbá mi kú. Ọ̀nà ò ṣe é gbé òkú gbà nígbà náà, la bá sin wọ́n sí Niamey níbí. Àwọn ẹbí nílé ní àwọn ò lè ṣe kí àwọn má rí nǹkan sin. A gé irun àti èékánná wọn, a dì í sínú àpòòwé, èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ fún un, a kọrin, a jẹun, mo padà wá.

Àfi bí màmá mi ṣe pè mí lọ́jọ́ kan. Ẹ kúkú mọ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ kì í há wọn lẹ́nu. Wọ́n ní, "Tíṣà, ibo ni bàbá ẹ ti máa jí, níbí ni àbí Ògbómọ̀ṣọ́? Mo fẹ́ mọ ibi tí ẹ máa sin mí sí, kí n lè rí wọn."

 Mo ní ká máa gbàdúrà sí i. Wọ́n wojú mi, ó sì dùn mí gan-an. Èékánná lọ́hùn-ún, egungun níbí, ta ló fẹ́ kó o jọ? Bóyá kò tiẹ̀ sẹ́ni tó ń jí. Mò ń gbàdúrà o, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni.

Bẹ́ẹ̀ ni Alàájì kan ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní àdúgbò Lazaret. Ìgbà ìdìbò ni, ó wá wo agbádá tó fẹ́ wọ̀ lọ sípàdé ẹgbẹ́ òṣèlú ẹ̀. Tá a bá gé agbádá tán, ọrùn àti àyà ẹ̀ máa ń lọ sọ́dọ̀ oníjákàn tó ń ṣe ọnà sí i ní Zongo, ká tó rán an pọ̀. Apá nìkan ló bá lórí tábìlì. Ó fárígá, ó ní mo ti ta aṣọ òun.

Mo ní, "Alàájì, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi tí mo gé e, mo mọ ibi tí gbogbo ẹ̀ wà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí orí mi fi wú. Ṣé Ẹni tó dá bàbá mi ni ò ní mọ ibi tí wọ́n wà? Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo bú sẹ́kún. Alàájì rò pé òun ló pa mí lẹ́kún, ló bá ń bẹ̀ mí.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sọ fún màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má wulẹ̀ fi èékánná àwọn ránṣẹ́ síbì kankan, ẹ̀gbẹ́ ọkọ àwọn níbí tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Màmá ló jókòó síwájú yẹn, tí wọ́n ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n má pẹ́ jù. Ògo ni fún Ọlọ́run. Ẹ bá wa yọ̀, ará: bàbá mi máa jí, mo sì gbà á gbọ́.