Gbogbo Lẹ́tà Ń Nàka Sí I

Láyé ìjọba ológun tó pe ara rẹ̀ ní Rẹfolúsíọ̀n, nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa láti ọjà Dantokpa lọ sí Godomey, mo gbọ́ ohùn àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ganhi.

“Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà wa ti kún, kò gba lẹ́tà mọ́. Nígbà tí mo yẹ inú rẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ kan náà ló gba gbogbo àyè: ‘A ti ṣe tán fún Rẹfolúsíọ̀n, ìjà ń bá a lọ.’ Òun nìjọba ní ká máa fi parí gbogbo lẹ́tà.”

“O wá pa á rẹ́? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá kó wa ni?”

“Rárá o! Lisp, èdè tí mo fi ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀, gbà mí láyè láti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo lẹ́tà wá ń nàka sí i. Bí ẹ bá ní kó tẹ lẹ́tà jáde, á gbé e wá lódindi.”

“Bí ọ̀gá bá wá bi ọ́ pé Rẹfolúsíọ̀n dà?”

“Màá ní ẹyọ kan ni, gbogbo wa là ń nàka sí i.”

Àgbàlagbà náà rẹ́rìn-ín títí, ó ń fọwọ́ gbá àga mi lẹ́yìn.

Ní Godomey, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó na ẹ̀ṣẹ́ sókè bí gbogbo wa ti máa ń ṣe nígbà náà: “A ti ṣe tán fún Rẹfolúsíọ̀n!”

Ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn pé ìjà ń bá a lọ. Ńṣe ló kàn nàka sí i, gbogbo ọkọ̀ tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn bọ̀ sì bú sẹ́rìn-ín.