Àmì Méjì Tí Mo Fi Abẹ Ha Kúrò

Kí wọ́n tó bu erùpẹ̀ lé mi lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́: kì í ṣe Hùmúàní ló jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ṣaláńgá sórí sàréè bàbá rẹ̀. Èmi ni. Èmi Bánjọ, tí gbogbo Kétu ń pè ní Ọ̀gá Pulánù, tí mo ti ya pulánù ilé tó lé ní ọgọ́rùn-ún láti Ìkòsí títí dé Gbàgádà, tí mi ò sì ní yàrá kan tí mo lè pè ní tèmi. Dókítà ti ní kí n máa lọ sílé. Ilé wo? Yàrá tí mo háyà yìí náà ni mo padà sí. Ọjọ́ kẹta rèé tí ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn mi. Rédíò nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀, òun náà kì í sì í dúró gbọ́ èsì.

Ọdún 1974 lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Hùmúàní ń ta àlùbọ́sà ní Kétu. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bímọ, ó sì ti padà sínú ilé alámọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìkòsí. Òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n wó ilé náà, kí wọ́n kọ́ ilé bíríkì kan tí gbogbo wọn yóò jọ máa gbé. Yúnúsà ni àgbà wọn. Nígbà tí bàbá wọn, Salaudeen, kú, Kánò ni Yúnúsà wà tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, àwọn yòókù náà kò sí nílé. Hùmúàní nìkan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fi sin bàbá náà sẹ́yìnkùlé. Wọn ò kọ́ nǹkan kan lé sàréè náà lórí. Pèrègún kan ni Hùmúàní gbìn síbẹ̀, àwọn tó ṣán igbó sì ti gé e dànù.

Lójú mi ni Yúnúsà ṣe sọ fún un pé, "Hùmúàní, ìwọ nìkan lo mọ ibi tí Bàbá sùn sí. Lọ fi han Ọ̀gá Pulánù. Bí nǹkan kan bá kan Bàbá, ọrùn ẹ ló wà o."

"Mo gbọ́, bọ̀dá mi."

Ó mú mi dé ẹ̀yìnkùlé. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ka ẹsẹ̀ méjìlá láti ìdí igi àgbálùmọ̀, ó dúró. "Ibí ni, Ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Mo fi pẹ́ńsù ṣe àmì róbótó sórí ìwé mi, mo kọ "Bàbá" sí i. Kò tíì kúrò lójú kan. Ó ní, "Ẹ bá mi fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tèmi nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Hùmúàní, wọ́n ní kí ẹ wá kọ́lé, ẹ̀yin ń wá sàréè."

Òun náà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹni tí ò lọ́mọ ni í tètè wá ibi tó máa sùn sí." Mo ṣe àmì kejì, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Kí a tó gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé, mo kọ́kọ́ gbé pulánù lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kí wọ́n bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ilé náà sún mọ́ títì jù, kí n sún un sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Kò burú. Mo sún gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn: ilé, ilé ìdáná, ṣaláńgá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi tàdáwà da gbogbo rẹ̀ kọ sórí ìwé fẹ́lẹ́ tí ojú ń là kọjá, tòun ti àmì méjèèjì. Ìgbà tí mo parí tán tí mo ń yẹ iṣẹ́ ara mi wò ni mo rí i: inú ṣaláńgá gan-an ni àmì méjèèjì bọ́ sí. Bí mo bá ní kí n gbé ṣaláńgá sọ́tùn-ún, ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Bí mo bá gbé e sósì, kànga wà níbẹ̀. Àfi kí n tún gbogbo ẹ̀yìnkùlé yà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí mi ò tún un yà? Ìgbéraga ni. Yúnúsà ń bọ̀ wá fọwọ́ sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì ti lérí lójú gbogbo ẹbí pé Bánjọ kì í ya pulánù lẹ́ẹ̀mejì. Mo mú abẹ, mo ha àmì méjèèjì kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ìwé fi dán. Mo ní bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, màá sọ fún agbẹ́lẹ̀ pé kó fọgbọ́n yẹra fún sàréè náà. Yúnúsà fọwọ́ sí i. Hùmúàní tẹ àtàǹpàkò, ó wá bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé Bàbá wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ìwé àṣẹ jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Mo máa ń sọ fún ara mi pé mo gbàgbé láti rí agbẹ́lẹ̀ ni. Irọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni mo ń rántí, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n lọ. Ibi tí pulánù sọ ni Mojeed agbẹ́lẹ̀ gbẹ́. Ihò náà kò tíì mu ún dé àyà tó fi rí egungun. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó fò jáde, ó ń ké "Lá ìláà!" kiri àdúgbò.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo bá Hùmúàní ní ìjókòó lórí ilẹ̀, gèlè rẹ̀ ti já bọ́. Bó ti rí mi báyìí, ara rẹ̀ yá. "Ọ̀gá ti dé! Ẹ bi wọ́n, èmi fi hàn wọ́n, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀!" Ìwé pẹ́ńsù náà wà nínú báàgì tó wà lábíyá mi.

Yúnúsà ní, "Ọ̀gá, níbo ló fi hàn yín?"

Mo na ọwọ́ sí apá kejì igi àgbálùmọ̀. Mo ní, "Ọ̀hún ló fi hàn mí."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Hùmúàní kò pariwo. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ tún un wí." Ọlọ́run fún mi láyè àtikó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo sì tún un wí.

Yúnúsà ní, "Láti òní lọ, o ò sí nínú ilé yìí mọ́, láàyè tàbí lókùú." Wọ́n kó egungun bàbá wọn lọ sin síwájú ilé. Hùmúàní di ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Àgbóyi, ó háyà yàrá kan létí odò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tún fojú kàn án, ní ọjà Kétu. Ó kúnlẹ̀ kí mi: "Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá." Ìbá bú mi, ìbá sàn fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo mú ìwé náà dé etí odò, tí mo sì padà. Láti ìgbà náà, mi ò lè jókòó láàárín èèyàn mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń ṣe mí bíi pé ó ti mọ̀.

Oṣù tó kọjá, nínú ọdún 1979 yìí, Hùmúàní kú. Ìyá kan tó ń tukọ̀ ló sọ fún mi, wọ́n sì ti sin ín ní ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú, sí itẹ́ òkú gbogbogbòò, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí. Kò sí ọmọ ìyá rẹ̀ kan níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́ pulánù, bí ẹ bá ṣì í yà, ẹ tún un yà. Bọ̀dá Yúnúsà, ìwé pẹ́ńsù náà rèé, abẹ́ ìrọ̀rí mi ló wà, orúkọ méjèèjì ṣì hàn lórí rẹ̀. Ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn ọmọ yín jọ, kí ẹ sọ fún wọn pé àǹtí wọn kò purọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jáde síwájú ilé, níbi tí Bàbá sùn sí báyìí. Ẹ má kọ́ nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀, ẹ má sì sin ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Àyè ẹnì kan péré ni Hùmúàní ní kí n fi sílẹ̀ fún òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.